Ẹsẹ̀ Iwájú Ẹṣin Irin

Bí ẹ bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ kan ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Abẹ́òkúta ní ìdájí, nígbà tí àwọn ọlọ́kadà ń nu ìrì kúrò lára àga alùpùpù wọn, tí ẹ sì fara balẹ̀ wo ọwọ́ ọ̀tún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí ohun kan tí ó yẹ kí ó kọ yín lóminú: irin bíréèkì ọwọ́, èyí tí ó yẹ kí ó máa dá ẹsẹ̀ iwájú dúró, ti dẹ̀ pátápátá bí okùn ẹran tí ó ti já, òmíràn kò tilẹ̀ ní wáyà lára mọ́, bí ẹ bá sì bi ẹni tí ó ni ín léèrè ìdí rẹ̀, yóò dá yín lóhùn pé bíréèkì iwájú a máa gbé ènìyàn ṣubú, pé ti ẹ̀yìn nìkan tó òun, àti pé ọ̀gá tí ó kọ́ òun níṣẹ́ ni ó ní kí òun má fọwọ́ kàn án láé.

N kò jẹ́ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ojú wọn ni ó rí i, ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wẹ̀yìn wò. Ẹni tí ó bá wẹ̀yìn wò nínú ọ̀ràn yìí yóò rí i pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bíréèkì ni ó gbé ọlọ́kadà ṣánlẹ̀, bí kò ṣe ẹsẹ̀ iwájú tí ẹnikẹ́ni kò tú wò láti ọjọ́ tí a ti gbé alùpùpù náà jáde nínú páálí, tàbí èyí tí a tú, tí a kò sì tò padà bí ó ti yẹ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ yìí: bí a ti ń yọ ọ́, ohun tí a ń wò nínú rẹ̀, àti bí a ti ń dá a padà sí àyè rẹ̀ kí ó lè ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí iwájú fi ṣe kókó. Iwájú, iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Bákan náà ni ẹrù alùpùpù. Nígbà tí ẹni tí ń sáré bá tẹ bíréèkì, ara òun fúnra rẹ̀, ara èrò tí ó gbé sẹ́yìn, àpò gààrí tí ó wà lórí táńkì, gbogbo wọn ni yóò fẹ́ máa bá eré lọ, gbogbo ìwúwo wọn yóò sì fì síwájú, tí ṣọ́ọ̀kì iwájú yóò fi wọlẹ̀, tí táyà iwájú yóò tẹ ọ̀dà mọ́lẹ̀ gírígírí, nígbà tí táyà ẹ̀yìn yóò fúyẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Táyà tí ó bá fúyẹ́ kò lè di ilẹ̀ mú. Bí a bá tẹ bíréèkì rẹ̀ jù, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ́ni ní gígun alùpùpù fi ń sọ pé, lórí ọ̀dà gbígbẹ, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá agbára ìdúró ni ó wà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Ẹni tí ó bá yọ wáyà rẹ̀ sọnù ti mú ìdá mẹ́ta péré bọ́ sí ojú pópó, pẹ̀lú ìyá ọlọ́mọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ tí à ń wí yìí kò bá alùpùpù wáyé bí a ti rí i lónìí. Alùpùpù tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach kọ́ ní Jámánì ní 1885, igi ni ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ni a sì fi dè é létí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1888, ni John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran kan ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà onífẹ́ẹ́fẹ́, èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Títí di òní, rímù, sípókù àti táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ náà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn alùpùpù kéékèèké ilẹ̀ wa ń lò, yálà èyí tí a ń pè ní ọ̀kadà níhìn-ín, orúkọ tí a yá lára ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Okada Air ti Olóyè Gabriel Igbinedion, tàbí èyí tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní zémìjàn. Ẹ má ṣe rò pé orí sípókù ìsàlẹ̀ ni họ́ọ̀bù àárín dúró lé, bí òrùlé ti í dúró lórí òpó. Fífà ni gbogbo wọn ń fà, bí ọṣán ti ń fa awọ dùndún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa rímù wá sí àárín, ìdọ́gba fífà wọn ni ó sì ń mú kí rímù rí roboto. Mẹ́rìndínlógójì ni sípókù ọ̀pọ̀ nínú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú họ́ọ̀bù ni bẹ́rìn méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọ̀pá irin gbọọrọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ṣáàfù ni ó gba àárín wọn kọjá, tí ó so ẹsẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Inú họ́ọ̀bù kan náà ni bíréèkì ṣúù méjì fara pamọ́ sí, lábẹ́ ọmọrí rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, alùpùpù tí mo fi ń lọ sí oko bẹ̀rẹ̀ sí mì lọ́wọ́ mi bí ara ẹni tí ibà ń dà láàmú. Bí mo bá ti sáré díẹ̀, orí rẹ̀ a máa gbọ̀n. Bí mo bá tẹ bíréèkì iwájú, ìró kan a máa dún nísàlẹ̀ bí ẹni ń lọ ògì. Mo ti gbé e lọ fún oníṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀, ó tú u, ó dè é, ó gba owó, àìsàn náà sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó yá ni mo tọ bàbá mekáníìkì kan lọ, ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi ọdán kan láti ìgbà Honda CG125 àti Suzuki AX100, kí Bajaj àti TVS tó gba ojú títì. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí n jókòó. Ó ní ọ̀ràn ẹsẹ̀ iwájú kì í ṣe ọ̀ràn ìkánjú, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà ṣì wà nílẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ṣáàfù díẹ̀, ìyí kan péré, nítorí nọ́ọ̀tì yìí a máa le, bí ẹsẹ̀ bá sì ti wà lókè, títì tí à ń ti sípánà lè bi alùpùpù wó. Sípánà 17 tàbí 19 ni ó sábà máa ń bá a mu. Òmíràn ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi gún un lórí tí a sì tẹ̀ lẹ́nu kí ó má baà tú fúnra rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ tọ́ irin náà kí ẹ sì yọ ọ́ ná. Lẹ́yìn èyí ni ó gbé alùpùpù sórí ìdúró àárín, ó sì ki ìtì igi kan bọ abẹ́ ẹ́ńjìnì títí tí ẹsẹ̀ iwájú fi kúrò nílẹ̀. Ó dì í mú, ó mì í, ó rí i dájú pé kò lè yẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi bíríkì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ yìí, tí alùpùpù sì wó lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìtì igi tí ó fẹ̀ nídìí ni kí ẹ wá.

Wáyà bíréèkì ni ó kàn. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà ní ìparí rẹ̀, ní ara apá ọmọrí họ́ọ̀bù, òun náà ni a fi ń fa bíréèkì le. Ẹ tú u tán, ẹ fa wáyà jáde, kí ẹ sì dá nọ́ọ̀tì náà, sípíríǹgì rẹ̀ àti irin kékeré tí ó gbà kọjá padà sórí wáyà kan náà kí wọ́n má baà sọnù sínú iyanrìn. Wáyà aago tí ń sọ bí eré ti pọ̀ tó náà wà níbẹ̀. Ẹ tú u kúrò pẹ̀lú. Nígbà náà ni kí ẹ wá fi sípánà kan di orí ṣáàfù mú, kí ẹ fi èkejì tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ tán, kí ẹ fi pátákó tàbí òòlù onírọ́bà lù ú pẹ̀lẹ́ jáde, kí ọwọ́ kejì sì gbé ẹsẹ̀ náà ró, nítorí bí ṣáàfù bá ru ìwúwo ẹsẹ̀, kò ní fẹ́ jáde. Òòlù irin kò gbọdọ̀ kan ẹnu ibi tí ó ní ojú ìdè. Bí ẹnu náà bá fẹ̀, nọ́ọ̀tì kò ní gorí rẹ̀ mọ́.

Bí ẹsẹ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀ ni bọ́ṣì kan yóò jábọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá náà tẹ́ aṣọ àlòkù sílẹ̀, ó sì ń to gbogbo ohun tí ó yọ sórí rẹ̀ bí wọ́n ti tẹ̀ lé ara wọn, èyí tí ó wà lọ́tùn-ún sí ọ̀tún, èyí tí ó wà lósì sí òsì. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bọ́ṣì tí a bá fi sí òdìkejì yóò ti ẹsẹ̀ kúrò ní àárín, a ó sì máa wá ìdí tí alùpùpù fi ń fà sí apá kan kiri.

Nígbà tí ó fa ọmọrí họ́ọ̀bù jáde pẹ̀lú bíréèkì ṣúù lára rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wá láti fẹ́ eruku dúdú inú rẹ̀ dànù, bàbá náà sì lé e padà. Ìbáwí yẹn tọ́. Ọ̀pọ̀ bíréèkì àtijọ́ ni a fi asbestos ṣe, eruku rẹ̀ a sì máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, àrùn tí ó sì ń dá sílẹ̀ níbẹ̀ lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tó fi ara hàn. Nítorí a kò lè fi ojú mọ èyí tí ó ní in àti èyí tí kò ní in, aṣọ tí a rẹ sínú omi ni kí a fi nù ún, kí a má fẹ́ ẹ. Ẹ wo bí awọ ṣúù ti nípọn tó: bí ó bá ti kù bí mìlímítà 2, ọjọ́ rẹ̀ pé, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ó bá ń dán bí gíláàsì, ẹ fi sáńpépà ha á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí epo tàbí gírísì bá ti rin ín, ẹ má ṣe ìyọ́nú sí i. Ẹ jù ú nù. Irin kékeré kan wà láàárín àwọn ṣúù náà tí ń yí láti tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí a bá fa wáyà. Ìdí rẹ̀ a máa dípẹtà, òun ni ó sì sábà máa ń fa bíréèkì tí ó bá dì mú tí kò sì fẹ́ tú, èyí tí ń gbé ènìyàn ṣubú lójú òjò. Ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ fi gírísì tí kò ju ti orí èékánná lọ pa á. Ìwọ̀nba ni o. Gírísì tí ó bá pọ̀ jù ni yóò yọ́ sórí ṣúù bí họ́ọ̀bù bá gbóná.

Àwọn tí alùpùpù wọn ní díìsì níwájú kò ní ọmọrí láti fà. Kí wọ́n ṣáà rántí pé bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin bíréèkì, nítorí páàdì méjèèjì yóò pàdé, wọn kò sì ní fẹ́ yà mọ́. Kí wọ́n ki páálí sáàárín wọn.

Bẹ́rìn ni ó wá tú àṣírí alùpùpù mi. Bàbá náà ki ìka bọ àárín ọ̀kan, ó yí i, ó ní kí èmi náà yí i. Bẹ́rìn tí ara rẹ̀ le a máa yí ní ìdákẹ́jẹ́. Ti èmi ń họ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó sì ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí ó gbá méjèèjì jáde, ó wo inú họ́ọ̀bù, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó sì mí kanlẹ̀. Páìpù kékeré kan wà tí ó yẹ kí ó wà láàárín bẹ́rìn méjèèjì nínú họ́ọ̀bù, tí ṣáàfù ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó tú u ṣáájú ti rò pé kò ní iṣẹ́ kankan, ó sì ti sọ ọ́ nù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá ń de nọ́ọ̀tì, òun ni ó ń gba gbogbo ìfúnpá náà sára, tí inú bẹ́rìn kan kò fi ní súnmọ́ inú bẹ́rìn kejì. Bí kò bá sí i, bí a bá ti ń de nọ́ọ̀tì tó ni à ń fún àwọn ọmọ rògòdò inú bẹ́rìn mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọn yóò gbóná, wọn yóò họ, wọn yóò sì fọ́. Oṣù mélòó kan ni mo ti fi ara mi àti ìyàwó mi sórí irin bẹ́ẹ̀, mo sì ń dárúkọ Ọlọ́run ní òwúrọ̀ bí mo ti ń gbéra.

Bàbá náà ṣe páìpù mìíràn, ó wọ̀n ọ́n mọ́ ti alùpùpù irú kan náà kí ó má gùn jù, kí ó má sì kúrú. Bẹ́rìn tí ó wọ inú họ́ọ̀bù náà ni 6301, nọ́ńbà tí ẹ lè rí lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù kéékèèké: mìlímítà 12 ni ihò àárín rẹ̀, 37 ni ìbú rẹ̀ látòkè délẹ̀, 12 sì ni nínípọn rẹ̀. Ẹ ra èyí tí ó ní rọ́bà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí eruku àti àgbàrá ojú ọ̀nà wa. Bí ẹ bá ń gbá a wọlé, etí rẹ̀ tí ó wà níta ni kí ẹ máa lù, pẹ̀lú irin roboto tí ìbú rẹ̀ bá ti etí náà mu. Bí ẹ bá lu ti inú, ẹ ti ba bẹ́rìn tuntun jẹ́ kí ó tó rìn ní ibùsọ̀ kan.

Kí ó tó dá a padà, ó fi orí sípánà kan sípókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dẹ etí sí i. Ẹ lè ṣe é nílé. Èyí tí ó le yóò dún gooro, èyí tí ó dẹ̀ yóò dún bòǹbò, ẹni tí etí rẹ̀ bá sì mọ ohùn ìlù kò ní pẹ́ kí ó tó mọ èyí tí ń ṣòótọ́ nínú wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń fà á le, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyí kan lẹ́ẹ̀kan, nítorí bí ọ̀kan bá fà jù, rímù yóò wọ́ tẹ̀ lé e. Bí rímù bá yẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ nígbà tí a bá ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹfun tí a dì mú mọ́ ṣọ́ọ̀kì, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ tún rí i pé orí sípókù kankan kò yọ sínú kọjá rọ́bà tí a fi bo rímù, nítorí òun ni ó ń gún tíúbù tí fọ́kánáísà yóò fi máa wá ìṣó tí kò rí. Ní ti táyà fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó tó 25 lórí géèjì ni ó bá iwájú ọ̀pọ̀ alùpùpù wọ̀nyí mu, kì í sì í ṣe 40 tí àwọn kan ń fẹ́ sí i kí ó lè “gbé ẹrù”. Táyà tí ó le bí òkúta kò lè di ọ̀dà mú. Bí ẹ bá ra táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Àwọn tí ń ta tòkúnbọ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí ẹni tí ń rà náà mọ̀ ọ́n.

Mo dé ibi tí ọkàn mi wà gan-an báyìí. Bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, nísàlẹ̀, ẹ ó rí ahọ́n irin kan tí ó yọ jáde. Bí ẹ bá sì wo ọmọrí họ́ọ̀bù, ẹ ó rí ihò gbọọrọ kan tí a gbẹ́ dè é. Ahọ́n yìí gbọ́dọ̀ wọ inú ihò yìí. Nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ṣúù yóò di họ́ọ̀bù tí ń yí mú, họ́ọ̀bù yóò sì fẹ́ gbé ọmọrí yí lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ahọ́n yẹn nìkan ni ó ń sọ fún un pé kí ó dúró. Bí oníṣẹ́ bá fi ìkánjú de ẹsẹ̀ tí ahọ́n kò wọlé, alùpùpù yóò rìn, kò ní sí ìró kankan, ọlọ́kadà yóò san owó, yóò lọ. Ní ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá sáré sọdá tí ọlọ́kadà náà sì fa bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ọmọrí yóò yí, yóò wé wáyà mọ́ra, ẹsẹ̀ yóò gan lójijì, ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ yóò sì gba orí ọwọ́ alùpùpù fò lọ. Wọn yóò gbé e dìde, wọn yóò sì sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú láé.

Nítorí náà ni bàbá mekáníìkì náà ṣe kúnlẹ̀, tí ó fi ojú rẹ̀ méjèèjì wo ahọ́n tí ó wọ ihò, tí ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, tí ó sì pè mí kí èmi náà wá wò ó. Ó rí i pé eyín jíà aago bọ́ sí ojú ihò rẹ̀ nínú họ́ọ̀bù. Ó fi gírísì díẹ̀ pa ṣáàfù, ó tì í wọlé, ó fi ọwọ́ de nọ́ọ̀tì, kò tíì fi agbára sí i. Ó so wáyà méjèèjì padà, ó gbé alùpùpù sọ̀kalẹ̀, ó di bíréèkì iwájú mú, ó sì tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n lè jókòó bí ó ti yẹ. Ìgbà tí bíréèkì ṣì wà ní fífà, tí ṣúù sì ti gbá ọmọrí sí àárín, ni ó wá de nọ́ọ̀tì pinpin, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun gún un lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu. Ó fa nọ́ọ̀tì wáyà títí tí ẹnu irin bíréèkì fi ń rìn ní nǹkan bí mìlímítà 20 sí 30 kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí dì mú. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yí i: kò ha, kò dún, ó ń yí lọ títí ó fi dá ara rẹ̀ dúró.

Ó ní kí n gùn ún lọ dé ìdí ilé ìwé kí n sì padà, kí n má sáré, kí n fi ìka méjì fa bíréèkì iwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ wárìrì. Mo fà á; imú alùpùpù tẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, kò fà sí ibì kan, ó sì dúró gbọnrangandan sí ojú ilà tí mo ti fi ojú wọ̀n sílẹ̀.